Ọjọ́ Tí Ìyá Mi Kò Bá Wa Jáde Mọ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí wọ́n ṣì ń fà mí lọ́wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo rò pé oúnjẹ náà ni kò tó. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ni ọmọdé ìbá tún rò? Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi tí àlùfáà máa fún ìjọ ní Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, a ó kọrin, a ó gbàdúrà, wọ́n á wàásù títí ìdí á fi máa dun gbogbo wa lórí bẹ́ǹṣì. Lẹ́yìn náà ni kátíkíìsì tó ń bójú tó ìjọ wa á dìde, á fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé kí àwọn tí kò ní bá wọn jẹ ẹ́ máa lọ ní àlàáfíà. Kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, olúkúlùkù ti mọ ara rẹ̀. Àwa ọmọdé á jáde. Àwọn ọkùnrin tó ní ju ìyàwó kan lọ á jáde. Àwọn obìnrin tí ọkọ fẹ́ kún ìyàwó á jáde. Wọ́n á wá ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo bá wẹ̀yìn, tí mo rí i pé àwọn tó kù nínú kò pọ̀, mo máa ń sọ fún ara mi pé ìrẹsì tí wọ́n sè lónìí náà kéré.

Ìgándò là ń gbé nígbà náà, àmọ́ kì í ṣe Ìgándò tí ẹ̀yin mọ̀ o. Ẹ gbé gbogbo ilé alájà yẹn kúrò lójú, ẹ gbé títì ọlọ́dà kúrò, ẹ gbé ariwo kúrò. Oko pákí ló wà lẹ́yìn ilé wa, àwọn ọmọ onílẹ̀ ló ń dá a, àlejò ni àwa jẹ́ láàárín wọn, nítorí láti Èkìtì ni bàbá mi ti wá ṣe iṣẹ́ ìjọba ní Ìkẹjà. Kẹ̀kẹ́ ló máa ń gùn dé Ìyànà Ìpájà láàárọ̀, á fi í pamọ́ sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan kó tó wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Èdè Èkìtì ni wọ́n ń sọ nínú ilé wa, ṣùgbọ́n n ó máa sọ ọ̀rọ̀ wọn fún yín bí gbogbo wa ṣe ń sọ ọ́ níbí, kí ẹ má baà máa bi mí ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ìyàwó méjì ni bàbá mi ní. Èyí àgbà, tí àwa ọmọ ń pè ní Màámi àgbà, ni ó fi òrùka gbé níyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì nílé. Ọlọ́run kò fún un lọ́mọ. Àwọn mọ̀lẹ́bí bàbá mi kò jẹ́ kí bàbá mi fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróòro títí ó fi fẹ́ ìyá mi kún un, ìyá mi sì bí wa mẹ́ta: èmi, àbúrò mi obìnrin, àti ọkùnrin kan tó jẹ́ àbíkẹ́yìn wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo fíìmù ti rò pé orogún gbọ́dọ̀ máa po májèlé síra wọn lọ́bẹ̀. Àwọn tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń jà, àmọ́ ìjà àwọn tó jọ ń gbélé ni, ìjà iyọ̀ tó pọ̀ jù, ìjà ta ló gbé ìgbálẹ̀ tí kò dá a padà. Ẹ̀yìn Màámi àgbà ni mo ti máa ń sùn lọ jù. Òun ló ń wẹ̀ wá, òun ló ń di irun mi, òun náà ló ń fi ìka gbá wa lórí tí a bá ṣe bí a kò ṣe gbọ́dọ̀ ṣe.

Nítorí pé òun ni ìyàwó òrùka, Màámi àgbà kì í jáde ní tirẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, kò ní bá ẹnikẹ́ni jà, kò sì ní tutọ́ sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú, nítorí ó ní ohun tí òun gbé mì kì í ṣe ohun tó yẹ kí èyíkéyìí nínú rẹ̀ fara kanlẹ̀. Ìgbà kan wà tí mo gun itan rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ bẹ́ẹ̀, tí mo gbé imú mi sún mọ́ ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Kí lò ń wá lẹ́nu mi, ìwọ ọmọ yìí?" Mo ní ìrẹsì ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Kì í ṣe ìrẹsì jàre. Búrẹ́dì ni, kò sì tó èékánná." Ọ̀rọ̀ náà wá rú mi lójú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí búrẹ́dì tí kò tó èékánná ni wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá mi?

Bàbá mi kò ka jíjáde náà sí nǹkan kan ní tirẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó ń jáde pọ̀, wọ́n ti sọ abẹ́ igi kaṣú tó wà ní àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì di ilé ìpàdé. Wọ́n á jókòó sórí pákó, wọ́n á máa sọ nípa ọ̀gá tí ìjọba gbé lọ sí ìlú mìíràn àti páànù tó ti wọ́n jù, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín débi pé ẹni tó bá kọjá á rò pé àwọn tó wà nínú ni ìyà ń jẹ. Ìyá mi kì í lọ sábẹ́ igi yẹn. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló máa ń dúró sí, á pọn àbúrò mi ọkùnrin sẹ́yìn, á fi èjìká ti ògiri, á máa tẹ́tí sí ohùn àlùfáà. Ètè rẹ̀ á máa mì. Ó mọ gbogbo àdúrà tí wọ́n ń gbà lórí búrẹ́dì àti wáìnì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, ó mọ̀ ọ́n ju ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nínú lọ. Ìtìjú ló ń bá a. Ọmọdé ni mí, mo sì mọ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin yẹn ni ó wá kú. Ara rẹ̀ gbóná, ara rẹ̀ sú, ó sì dákẹ́ kí bàbá mi tó rí ọkọ̀ tí ó máa gbé e dé ilé ìwòsàn. Ó ti ṣe ìrìbọmi. Kátíkíìsì wá tu ìyá mi nínú, ó jókòó sórí ẹní pẹ̀lú rẹ̀, ó ní kó má sunkún bí ẹni tí kò ní ìrètí, ó ní ọmọ tó ti gba omi ìrìbọmi wà lọ́dọ̀ Olúwa, yóò sì rí i lọ́jọ́ kan.

Ìyá mi gbójú sókè. Ó ní, "Bàbá, èmi tí kì í jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, ṣé n ó rí i?"

Ẹni rere ni kátíkíìsì, kò sì lè purọ́. Ó ní, "Ìyẹn wà lọ́wọ́ Olúwa." Ìbá ti dára ká ní ó purọ́. Mo ti dàgbà báyìí, mo sì ti rí i tí àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run ń purọ́ lórí ohun tí kò tó nǹkan. Ọjọ́ tí irọ́ ìbá ti ṣe ènìyàn lóore, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n pa ni wọ́n rán sí wa.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Ọjọ́ Ẹtì Rere dé. Àlùfáà tó ń bójú tó ìjọ bíi mélòó kan, tó fi jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan la máa ń rí i, wá fúnra rẹ̀. Ó wàásù nípa àgbélébùú Jésù. Ó ní ọkùnrin kan ló kú, àmọ́ ó kú fún gbogbo ènìyàn, ikú tí gbogbo wa jẹ ní gbèsè ló kú. Ó ní lọ́jọ́ náà ni aṣọ ńlá tí wọ́n fi ń dí ibi mímọ́ fáya láti òkè dé ìsàlẹ̀, pé láti ìgbà náà kò sí ẹni tí wọ́n ń dá dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Ó tún ní ẹni tí kò bá jẹ nínú ara Olúwa, tí kò mu nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò ní ìyè nínú. Gbogbo wa la jọ gbọ́ ọ, nítorí kò sí Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa lọ́jọ́ Ẹtì Rere, wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni jáde. Ìyá mi sunkún láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwàásù títí dé ìparí.

Nígbà tí ìsìn parí, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó fi àbúrò mi lé Màámi àgbà lọ́wọ́, a lọ bá àlùfáà ní yàrá tó ti ń bọ́ aṣọ oyè rẹ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ikú tí ẹ wàásù rẹ̀ yẹn, ṣé fún èmi náà ni?"

Àlùfáà ní, "Fún gbogbo ayé ni, ọmọ mi."

"Ṣé mo lè wá jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa lọ́jọ́ Àjíǹde?"

Àlùfáà ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún un ká. Ó ní ilé ọkùnrin tó ti ní ìyàwó ni ìyá mi wà, òfin ìjọ kò sì gbà á. Bó bá kúrò níbẹ̀, tó ń dá gbé, àwọn á kọ́ ọ, bíṣọ́ọ̀bù á gbé ọwọ́ lé e lórí, á sì máa jẹ ẹ́ bíi ti gbogbo onígbàgbọ́. Ìyá mi ní, "Àwọn ọmọ mi ńkọ́?" Àlùfáà fi ọwọ́ pa mí lórí. Ó ní àwọn ọmọ ní bàbá, ọ̀dọ̀ bàbá ni ọmọ ń gbé, kò sí ẹni tó máa lé wọn. Ohùn àánú ló fi sọ ọ́. Ìyẹn ló ń bí mi nínú jù títí dòní. Bó bá jẹ́ pé ó jágbe mọ́ ọn ni, ìyá mi ìbá ti bínú lọ sílé, ìyá mi ìbá sì ti jẹ́ ìyá mi títí tí mo fi dàgbà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ìyá mi sọ ọ́ nílé pé òun fẹ́ lọ máa dá gbé, òun àti Màámi àgbà ń bó ẹ̀gúsí ní ẹ̀yìnkùlé. Bàbá mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé kò bá òun rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ta ló ṣẹ̀ ọ́? Ṣé mo nà ọ́ rí ni?"

Ìyá mi ní, "Ẹ ò ṣẹ̀ mí."

"Ṣé ebi ń pa ọ́?"

"Ebi ò pa mí."

Bàbá mi dìde. Ó ní ẹni tó bá gbé ẹrù jáde nílé òun lórí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kò ní gbé e padà wọlé mọ́, ó sì wọ inú yàrá lọ. Ọkùnrin tó ń pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ ni. Èyí tí kò dára pàápàá, á pa á mọ́.

Ohun tí Màámi àgbà ṣe ni kò kúrò lọ́kàn mi. Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀. Ìyálé kúnlẹ̀ fún ìyàwó, ní ojú wa, lórí ilẹ̀ lásán. Ó ní, "Ìyàwó mi, jọ̀wọ́, jókòó sílé rẹ, kí o tọ́ ọmọ rẹ. Tó bá jẹ́ pé dídúró níta yẹn ló ń pa ọ́ lára, láti ìsinsìnyí, èmi náà ò ní jẹ ẹ́ mọ́. A ó jọ máa jáde. Ohun tí Olúwa bá fẹ́ fi ọ́ ṣe, kó fi àwa méjèèjì ṣe é."

Ìyá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń fà á sókè, ó ń sunkún. "Ẹ dìde, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi. Tí ẹ bá jáde torí mi, ẹ̀ṣẹ̀ mi ti di méjì nìyẹn. Ọmọ mi tó wà lọ́hùn-ún ńkọ́? Ta ló máa bá mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?"

Màámi àgbà ní, "Àwọn tó wà níbí ńkọ́?"

Ìyá mi fi etí aṣọ nu ojú. Ẹ̀yin ọmọ mi, láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbọ́ ìwàásù lórí ohun tí Jésù ṣe fún wa, mo sì ti dàgbà tó ẹni tí wọ́n ń fún ní àga iwájú. Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, obìnrin tó kúnlẹ̀ sínú èèpo ẹ̀gúsí yẹn ni mo máa ń rí. Ó fẹ́ fi ohun tó fẹ́ràn jù láyé sílẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà dá ìtìjú rẹ̀ rù. Ìyá mi kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Àpótí kan ló gbé lọ. Ó ti gba yàrá ní Ìkòtún, ó fẹ́ máa ta iyọ̀ àti ọṣẹ níwájú ilé. Màámi àgbà ti pọn àbúrò mi mọ́ ẹ̀yìn pinpin nítorí pé ó ń já ara rẹ̀ gbà, èmi ni mo tẹ̀ lé ìyá mi dé ibi tí oko pákí parí sí. Ó sọ àpótí kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ kí ojú wa lè ṣe déédéé, ó ní òun kò kọ̀ wá sílẹ̀, pé òun ń lọ la ọ̀nà sílẹ̀ de gbogbo wa ni, kí gbogbo wa lè jọ wà níbì kan náà nígbẹ̀yìn, pẹ̀lú àbúrò mi tó lọ. Mo gbà á gbọ́. Ohunkóhun tí àgbàlagbà bá sọ fún mi nígbà náà ni mo máa ń gbà gbọ́.

Bíṣọ́ọ̀bù gbé ọwọ́ lé e lórí kí ọdún náà tó parí. Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi tó kọ́kọ́ wá jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ní ìjọ wa, aṣọ funfun ló wọ̀, ó fi funfun wé gèlè. Èmi àti àbúrò mi sáré bá a, a rọ̀ mọ́ ọn. Òórùn ara rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó jẹ́ kí a jókòó ti òun, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ó di wá mú títí wọ́n fi wàásù tán. Nígbà tí kátíkíìsì wá dìde tó ní kí àwọn tí kò ní jẹ ẹ́ máa lọ ní àlàáfíà, mo dìde, mo na ọwọ́ sí ìyá mi gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Kò gba ọwọ́ mi. Ó ń wo iwájú. Mo ní, "Màámi, wọ́n ti ní ká máa lọ." Ó tún ń wo iwájú. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún.

Bí a ṣe ń jáde lọ láàárín àwọn bẹ́ǹṣì, mo gbọ́ tí ẹnì kan dìde lẹ́yìn wa. Màámi àgbà ni, nínú aṣọ funfun tirẹ̀. Ó di èmi àti àbúrò mi lọ́wọ́ mú. Kátíkíìsì rọra sún mọ́ ọn, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin kọ́ o. Ẹ jókòó." Màámi àgbà ní, "Mo mọ̀. Mo ń bá àwọn ọmọ lọ ni." Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Kò lọ sí abẹ́ igi kaṣú. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí ìyá mi máa ń dúró sí ló mú wa lọ, ó gbé mi sókè nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́. Mo rí ìyá mi tó kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ. Mo rí i tó tẹ́ ọwọ́. Mo rí i tó mu nínú ife náà. Nígbà tó yí padà láti lọ jókòó, ojú rẹ̀ bọ́ sórí fèrèsé, ó rí wa, ó rí ẹni tó gbé mi dání. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí fún yín. Kì í ṣe ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dárí jì.

Nígbà tí ìsìn tú, ó wá bá wa níta. Ó ní, "Ìyálé mi, kí lẹ ṣe yìí?"

Màámi àgbà ní, "Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ wọn ni."

Kò jẹ ẹ́ mọ́ láti ọjọ́ náà títí ó fi kú. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. A dàgbà tó ẹni tó lè dá dúró níta, síbẹ̀ ó ń bá wa jáde. Kí n má tàn yín, inú rẹ̀ kò dùn sí i. Ó máa ń sunkún lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, pàápàá tí agogo bá dún nínú. Bàbá mi ní tirẹ̀ fẹ́ ìyàwó mìíràn kí ọdún tó yípo, obìnrin náà sì wá ń bá wa dúró níta. Ẹ wò ó bí ayé ṣe rí. Ìyá mi lọ kí ẹ̀ṣẹ̀ lè dín kù nílé wa, ó wá di pé àwọn tó ń jáde nílé wa pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo ti ń lọ kí ìyá mi ní Ìkòtún fúnra mi nígbà tí àìsàn tó pa á mú un. Yàrá rẹ̀ mọ́ tónítóní, àwọn páálí ọṣẹ wà létí ògiri, kò sí nǹkan ọmọdé kankan níbẹ̀. Mo bi í bóyá ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀. Mo rò pé ó máa sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí n lè sọ fún àbúrò mi pé kò já sí asán. Ó ní, "Ọmọ mi, tí mo bá ti gbé e sẹ́nu, ẹ̀yin ni mo máa ń rí lẹ́nu fèrèsé yẹn. Mo ń jẹ ẹ́, mi ò mọ adùn rẹ̀ rí." Mo ní kó padà sílé nígbà náà. Ó ní, "Ilé wo? Ìyàwó ti wà níbẹ̀. Tí mo bá sì padà, kí ni mo wá torí rẹ̀ fi yín sílẹ̀?"

Inú yàrá yẹn ló kú sí. Wọ́n lu agogo fún un, àlùfáà fúnra rẹ̀ ló sin ín, wọ́n gbé òkú rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì dé iwájú pẹpẹ, nítorí olùjẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa tòótọ́ ni. Nígbà tí Màámi àgbà kú ní tirẹ̀, wọ́n ní ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ara rẹ̀ kúrò, òfin kò gbà kí wọ́n gbé e wọlé. Àgbàlá ni wọ́n ti gbàdúrà fún un. Òjò ń fọ́n díẹ̀díẹ̀ lórí pósí náà, àwa ọmọ ìyá mi la ṣí agboòrùn bò ó. Ṣé ìyá mi rí ọmọ rẹ̀ lọ́hùn-ún? Mi ò mọ̀. Mo ti bi Ọlọ́run léèrè láìmọye ìgbà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ṣíwọ́ bíbéèrè.

Èmi náà relé ọkọ, èmi nìkan ni ọkọ mi fẹ́, kò sí òfin ìjọ kankan tó dí mi lọ́nà. Mi ò jẹ ẹ́ rí.

Ní báyìí, ọ̀dọ̀ ọmọ mi obìnrin ni mo ń gbé, ní Ìgándò yìí kan náà, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì ti pọ̀ ju ilé ìwòsàn lọ. Òkè ilé tí wọ́n ti ń ta táìlì nísàlẹ̀ ni ìjọ wọn wà. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, wọ́n pín Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ife rọ́bà kékeré báyìí ni, wọ́n ti fi ọ̀rá lẹ̀ ẹ́ lórí láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, bísíkíìtì wà lórí, wáìnì wà nísàlẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kó o sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n ń há a láti ìlà dé ìlà bí ìgbà tí wọ́n ń há omi nílé ìkómọ. Kò sí ẹni tó ní kí ẹnikẹ́ni jáde. Baálé ilé kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ó ní ìyàwó kan níbí, tó tún ní òmíràn ní Ẹgbẹ́dá, gba méjì, ó ní òun fẹ́ mú ọ̀kan lọ fún ìyàwó òun tí ara rẹ̀ kò yá. Wọ́n fún un. Ọmọ ọmọ mi kò rí ọ̀rá tirẹ̀ ṣí, ó fi eyín já a, wáìnì ta sí aṣọ rẹ̀, ìyá rẹ̀ fi hańkáṣíìfù nù ún.

Mi ò bínú sí wọn o. Mi ò sọ pé kí wọ́n dá òfin ìgbà náà padà, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé bó bá jẹ́ ọ̀fẹ́ báyìí, ọ̀fẹ́ náà ni lọ́jọ́ Ẹtì Rere tí ìyá mi kúnlẹ̀ bi àlùfáà léèrè. Àbí ikú Jésù ti gbòòrò sí i láti ìgbà náà ni? Ta ni n ó mú ọ̀rọ̀ yìí lọ bá? Kátíkíìsì ti kú, àlùfáà ti kú. Ọmọdé ni pásítọ̀ tiwọn yìí, tí mo bá sọ fún un, á ní kí n jẹ́ kí òun gbàdúrà fún mi.

Ọmọ ọmọ mi wo ife tó wà lọ́wọ́ mi tí mi ò tíì ṣí. Ó ní, "Grandma, ẹ ò ní mu tiyín ni?" Mo ní kó mú un. Ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó sì mú un. Pásítọ̀ mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní kí gbogbo wa dìde. Ó ní ẹbọ kan ṣoṣo ni Jésù rú, ó sì tó, kò sí òmíràn mọ́ láti ọjọ́ náà. Gbogbo ilé ní Àmín. Mi ò lè ṣe é. Èmi àti àbúrò mi ni ẹbọ òmíràn náà.